Ta Ni Kì Í Wọ Ọkọ̀?

Òkè-Lísà,
Ìlú Oǹdó,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti ìsàlẹ̀ ọkàn mi wá. Ṣé dáadáa lo wà ní Àkúrẹ́? Ṣé ikọ́ tí o ń wú nígbà tí o ń lọ ti fi ọ́ sílẹ̀? Ṣé ò ń jẹun lásìkò, àbí gàrí àti ẹ̀pà náà lò ń mu kiri? Ní tiwa níhìn-ín, a wà láàyè, ara wa sì le, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ìyá mi, ìyá rẹ àgbà, jókòó tì mí bí mo ti ń kọ ìwé yìí. Wọ́n ní kí n má kọ ọ́ wínníwínní jù, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n máa kà á.

Mo mọ̀ pé wàá máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà láyé fóònù. Mo pè ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Bí o ti ní "Ẹ káàsán, Mọ́mì" báyìí ni mo bú sẹ́kún, mo bá pa fóònù. Nígbà tí o pè padà, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ létí odò lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ sọ, ẹnu mi ò sì lè gbé e. Mo wá ní kí n jókòó, kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ lo ṣe iṣẹ́ náà, púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni o ò mọ̀.

O rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. O pè mí lásìkò òjò, ohùn rẹ rẹlẹ̀. O ní olùkọ́ yín, Dókítà Dúrótoyè, ti dá iṣẹ́ àṣekágbá rẹ padà. Ọkọ̀ ojú omi tí oòrùn á máa gbé ṣiṣẹ́, tí ènìyàn á máa fi fóònù darí láti orí ilẹ̀, lo fẹ́ ṣe. Dókítà bi ọ́ pé, "Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ yìí?" O ò rí ẹnikẹ́ni dárúkọ. Wọ́n ní kí o lọ wá ìṣòro tó ń bá àwọn tó ń lo ọkọ̀ fínra lóòótọ́, kí o tó fọwọ́ kan irin. O wá ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ń sọdá odò Ọ̀wẹnà lọ gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìṣòro wo lẹ máa ń rí?" Mo ní kò sí ìṣòro kankan, ọkọ̀ ń gbé wa lọ, ó ń gbé wa bọ̀. O rẹ́rìn-ín. O ní, "Ẹ ṣáà bá mi wò ó dáadáa, Mọ́mì."

Nígbà tó di ọjọ́ ọjà ní Abà Tiwaladé tó wà létí odò, mi ò tètè ti ilé ìwòsàn kékeré wa padà sí Oǹdó. Mo gbé àga lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí Kìtán atukọ̀ máa ń so ọkọ̀ mọ́, mo ń wòran. Ó yà mí lẹ́nu, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Odò tí mo ti ń sọdá láti ìgbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́ wá dà bí ẹni pé n kò rí i rí. Mo rí omi tó ń rọ́ sínú ọkọ̀ láti ìdí, tí àwọn obìnrin ń ká aṣọ dé orúnkún. Mo rí àpò kòkó tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti rin gbindin, tí ẹni tó ni ín ń tún un tú dà sóòrùn. Mo rí ewúrẹ́ tó bẹ́ sómi nítorí pé inú ọkọ̀ ń yọ̀. Mo rí obìnrin kan tó na ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀, tó fà á padà, tó tún nà án, tó wá fi ìdí wọ́ wọlé bí ọmọ tí kò tíì rìn. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ sínú fóònù tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo rò pé mo ti ṣe é yanjú.

Àfi bí o ṣe pè mí padà. O ò tilẹ̀ mẹ́nu kan ewúrẹ́. O ní, "Mọ́mì, ẹ ṣeun, àwọn tó ń wọ ọkọ̀ lẹ rí yẹn. Ta ni kì í wọ̀ ọ́ rárá?" Ẹni tí kì í wọ ọkọ̀ kò lè sí létí odò débi tí màá fi rí i. Ilé ló máa wà. Ojú ẹsẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi Ọmọ́níyì, tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Bàbá Abà, sọ sí mi lọ́kàn.

O mọ̀ pé àrùn rọpárọsẹ̀ mú wọn, pé apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì wọn kò lágbára mọ́. Ohun tí a sọ fún ẹ̀yin ọmọ ni pé ara wọn kò tíì gba ìrìn àjò. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí a ń gbé wọn ti ọsibítù bọ̀ sí abà wọn lódì kejì odò, àwọn ọkùnrin kan gbé wọn sáàárín, wọ́n fẹ́ gbé wọn wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ fì. Ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn tó gbé wọn yọ̀, gbogbo wọn sì ré bọ́ sómi. Omi ò jìn níbẹ̀, kíá la fa ẹ̀gbọ́n mi yọ, a sì gbé wọn sọdá. Ṣùgbọ́n wò ó: ọ̀gá ilé-ìwé tẹ́lẹ̀ rí, tí ìdajì àwọn tó dúró síbẹ̀ kọ́ ìwé lọ́wọ́ wọn, ni a fà yọ nínú ẹrẹ̀ lójú gbogbo ayé, tí ṣòkòtò ń bọ́ lọ nídìí wọn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun tó dun àwọn jù nìyẹn, pé gbogbo ènìyàn ń ṣàánú àwọn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ní kò sí ẹni tó máa gbé àwọn mọ́ bí àpò kòkó. Afárá wà lókè odò lọ́hùn-ún lóòótọ́, àmọ́ ọ̀kadà nìkan ló lè gba ọ̀nà ibẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan kò sì lè di nǹkan mú kò lè jókòó lórí ọ̀kadà nínú kòtò àti gegele.

Bí odò ṣe di ògiri láàárín ìyá àti ọmọ nìyẹn. Ìyá wa wà níbí ní Òkè-Lísà, ojú wọn ti di bàìbàì, ọjọ́ orí wọn kò sì gba kí wọ́n máa fò wọ ọkọ̀. Ọmọ wọn wà lọ́hùn-ún. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á ní, "Ọmọ́níyì ńkọ́?" Màá ní, "Wọ́n ní kí n kí yín, Màmá." Wọ́n á ní, "Mi ò béèrè ìkíni lọ́wọ́ rẹ."

Mo sọdá lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣàlàyé pé ìwọ, ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì, ń wá ìṣòro ọkọ̀ tí o máa wá ojútùú sí. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ìbídùnní, ṣé èmi lẹ wá fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé báyìí?" Ìyàwó wọn, Bímbọ́lá, ṣẹ́jú sí mi pé kí n máa lọ ná. Mo wá ọ̀nà ilé.

Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi ń já nígbà tí o wá bá wọn fúnra rẹ. Ṣùgbọ́n o ò béèrè nǹkan kan nípa àìsàn. O jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá wọn, o ní, "Bàbá, àbáwọlé yín yìí mà ga o. Báwo lẹ ṣe ń gùn ún?" Wọ́n dìde, wọ́n fi hàn ọ́. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún di òpó mú, wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, wọ́n wá fa tòsì tẹ̀lé e. O ní, "Ẹ lè gun nǹkan nígbà náà, bí ilẹ̀ bá ti dúró, tí nǹkan tí ẹ máa dì mú sì wà lápá ọ̀tún." Wọ́n ní, "Ọkọ̀ kì í dúró, ọmọ mi." O ní, "Iṣẹ́ tèmi nìyẹn, sà." Mo rí i tí wọ́n yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí a má baà rí ẹ̀rín wọn.

Ti ìgbà àkọ́kọ́ tí a dán iṣẹ́ rẹ wò, o ò nílò kí n rán ọ létí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ rán ọ létí. O na ọparun síta lápá ọ̀tún àti lápá òsì ọkọ̀ Kìtán, o so kégì òfìfo mọ́ orí wọn. O ní bí ọkọ̀ bá fẹ́ fì sí apá kan, kégì apá yẹn á kọ̀, kò ní rì. Gbogbo ará abà Bàbá lódì kejì ló jáde. Bàbá Abà náà jókòó lábẹ́ igi, wọ́n gbára lé ọ̀pá wọn. Ìwọ lo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀. O dé àárín rẹ̀, o na ọwọ́ méjèèjì, àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni okùn já, kégì kan fò lọ, ọkọ̀ dojú dé, ìwọ náà sì bá a lọ sínú omi. Nígbà tí a fi máa fà ọ́ jáde, ẹ̀gbọ́n mi ti dìde, wọ́n ti kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sílé. O sunkún títí a fi dé gáréèjì Oǹdó. O ní, "Mo ti ba ti Bàbá jẹ́ pátápátá." O padà sí Àkúrẹ́ pẹ̀lú èrò yẹn.

Wàyí o, gbọ́ èyí tí o ò mọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bímbọ́lá ránṣẹ́ pè mí. Mo rò pé èébú ni mo fẹ́ lọ jẹ. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lágbàlá, wọ́n ti ní kí Kìtán gbé ọparun àti kégì yẹn wá, wọ́n tẹ́ gbogbo rẹ̀ síwájú, wọ́n ń yẹ ibi tí okùn ti já wò. Wọn ò tilẹ̀ dá mi lóhùn ìkíni. Wọ́n ní, "Ọmọ yẹn ṣubú lójú gbogbo ènìyàn. Ṣé o gbọ́ ohun tó kọ́kọ́ sọ nígbà tí orí rẹ̀ yọ lómi?" Mo ní mi ò gbọ́. Wọ́n ní, "Ó ní, 'Kégì wo ló já?'" Wọ́n ní, "Èmi ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí." Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé o kò gbọdọ̀ jáwọ́. Wọ́n tún mú mi búra pé n kò ní sọ pé àwọn ló rán mi. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí mo ń pè ọ́ tí mo ń ní "Tún un wò, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, tún un wò sí i," ẹnu mi lo gbọ́, ọ̀rọ̀ wọn ni. Wọ́n ti wá dá mi sílẹ̀ nínú ìbúra náà.

O sì tún un wò lóòótọ́. Kí Ọlọ́run bá mi san oore fún Dókítà Dúrótoyè tó bá ọ lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà ajórinpọ̀ yẹn ní Isíkan, tó dúró tì ọ́ títí irin fi gún. Nígbà tí o gbé èyí tuntun dé, èmi gan-an tí n kò mọ nǹkan kan nípa irin mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Irin rọ́pò ọparun. Ó ń ká bí ìgbọ̀nwọ́: bí Kìtán bá ń tukọ̀, á ká apá méjèèjì sókè kí wọ́n má baà há sí gbòǹgbò, bí èrò bá fẹ́ wọlé, á dà wọ́n sílẹ̀, á sì fi pín, irin kékeré tó ń kọ́ wọn mọ́lẹ̀, dè wọ́n. O ri òpó irin kan mọ́ inú ọkọ̀ lápá ọ̀tún fún dídìmú. O kan pákó tó ní ìdábùú, tí ẹsẹ̀ kò fi lè yọ̀ láti orí ilẹ̀ wọnú ọkọ̀. Sherifat tó ń ta ẹja, tí a jọ mọ̀ pé kì í ṣe obìnrin tín-ín-rín, ní bí òun kò bá lè da ọkọ̀ yìí dé, kò sẹ́ni tó lè dà á dé. Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò lórí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bí ẹni ń gún iyán. Ọkọ̀ kàn ń mi orí sí i ni. Síbẹ̀, títí ìdánwò fi gbé ọ padà sí Àkúrẹ́, Bàbá Abà kò sọ ju "Mo ti rí i" lọ. Mo mọ̀ pé ó dùn ọ́.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Mo ti gún àwọn ọmọ ọ̀hún lábẹ́rẹ́ tán, mo ń kó kúlà abẹ́rẹ́ mi jọ létí odò lódì kejì. Òjò àrọ̀kẹ́yìn ti rọ̀, omi kún, ó pọ́n bí epo. Mo gbójú sókè, mo rí ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń bọ̀ lọ́nà abà, Bímbọ́lá ń tẹ̀lé wọn pẹ̀lú báàgì. Bùbá àti ṣòkòtò funfun ni wọ́n wọ̀. Ẹni tó ń rò pé òun máa ṣubú kì í wọ funfun lọ sétí odò tó kún. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ, ẹ̀gbọ́n mi bá ní, "Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Bí mo bá ṣubú, màá pè yín."

Kìtán da apá ọkọ̀ sílẹ̀, ó fi pín sí i, ó tún fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀pá wọn fún ìyàwó wọn. Wọ́n gun pákó. Nígbà tí wọ́n dé àárín, ẹsẹ̀ òsì wọn há sí ìdábùú kan, wọ́n sì dúró. Kìtán na ọwọ́ díẹ̀. Wọ́n wò ó, Kìtán sì ká ọwọ́ rẹ̀ padà. Mo di kúlà yẹn mú bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ rì. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n fa ẹsẹ̀ náà yọ, wọ́n gbá òpó irin mú, wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀. Kégì rì díẹ̀, ó tún léfòó padà, ọkọ̀ sì dúró. Wọ́n fa ẹsẹ̀ òsì tẹ̀lé e. Wọ́n jókòó. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ní, "Kìtán, ṣé ibí ni a máa sùn ni?"

Ìgbà yẹn ni ariwo sọ létí odò. Sherifat ń pariwo "Alihamudulilahi," àwọn yòókù ń ké "Halelúyà," èmi ò mọ èyí tí mò ń ké. Mo wọ ọkọ̀ bá wọn. Nígbà tí a dé àárín odò, mo rí i tí wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún síta, tí wọ́n jẹ́ kí omi máa gba àárín ìka wọn kọjá.

Takisí ló gbé wa dé Òkè-Lísà. Màmá wa jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn níta. Wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀, wọ́n yí etí síbẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló ń wọ́ ẹsẹ̀ yẹn?" Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ara kò gbà, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìyá wọn nínú aṣọ funfun yẹn. Màmá fọwọ́ tọ́ orí wọn wò, wọ́n tọ́ ojú wọn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ dé ọwọ́ òsì tí kò lágbára, wọ́n sì dì í mú síbẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ́níyì, o pẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọ̀nà ni kò dára, Màmá."

Màmá ní, "Ta ló wá tún un ṣe?"

"Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ni."

Màmá wá ní, "Èyí tí mo pọ̀n yìí náà?" Ẹ̀gbọ́n mi ní òun náà ni. Ẹkún tí Màmá kò sun láti ọdún tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sun níbẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ̀ wọ́n lẹ́kún títí wọ́n fi sun ún tẹ́rùn.

Ọmọ mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Kì í ṣe ọpẹ́ ìyá tí inú rẹ̀ dùn pé ọmọ òun mọ̀wé. Ọpẹ́ àbúrò tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà padà ni. Mo dúpẹ́ pé o béèrè ẹni tí kò sí níbẹ̀. Mo dúpẹ́ pé nígbà tí o ṣubú, o wá kégì. Kí Ọlọ́run tó dá omi àti ilẹ̀ má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ já sí asán. Ibi tí ọ̀nà bá ti dí mọ́ ẹlòmíràn, kí Ó fi ọgbọ́n ṣí i láti ọwọ́ rẹ. Ìwọ náà kò ní rí odò tí kò ní ọkọ̀. Àwọn tí wọ́n máa yẹ iṣẹ́ rẹ wò á fi ojú rere wò ó. Wàá bí, wàá tọ́, a ó sì gbọ́ ìròyìn ayọ̀ rẹ nígbà gbogbo. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tó sì ń fi ọ́ yangàn,
Ìbídùnní Akíntúndé.

Mo tún rántí: Pín tó di apá òsì ọkọ̀ mú ti ń dípẹtà, Kìtán ń fi epo ra á lójoojúmọ́. Bá wa mú irú èyí tí kì í dípẹtà bọ̀ nígbà Kérésì. Bàbá Abà kò tíì padà sí abà o. Àwọn àti Màmá ti ń bá ara wọn jà lórí rédíò, Màmá fẹ́ gbọ́ ìwàásù, Bàbá fẹ́ gbọ́ bọ́ọ̀lù. Bímbọ́lá ní bí ariwo yìí kò bá dáwọ́ dúró, òun nìkan ni yóò sọdá padà.